Òròmọdìyẹ tó ń fi orúnkún rìn: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti ọjọ́ 13 dé ọjọ́ 35

Òròmọdìyẹ 150 ni a rà, akọ ni gbogbo wọn, irú èyí tí ọlọ́jà ń pè ní kọ́kúrẹ́ẹ̀lì. Méjì kú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ku 148. Ilé wọn jẹ́ mítà 3 sí mítà 4, èérún pákó tí káfíńtà fá ló wà nílẹ̀, ògiri ga, oòrùn kì í wọlé. Láti ọjọ́ kìíní, oúnjẹ tí a pò fúnra wa ni wọ́n ń jẹ, kílò 100 lápapọ̀. Oòrùn tí kò wọlé àti oúnjẹ àpòjẹ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin kọjá kí a tó mọ̀.

Níbi gbogbo tí a bá ti kọ "orúnkún", oríkèé tó tẹ̀ sẹ́yìn lókè ojúgun ẹsẹ̀ ni a ń wí, èyí tí gbogbo olùsìn ń pè bẹ́ẹ̀.

1. Ọjọ́ 13: ohun tí a rí

Mẹ́rin jókòó, wọn kò dìde nígbà tí oúnjẹ dé. Ara wọn kò rí bí ti aláìsàn: ojú wọn mọ́, wọ́n ń ké, wọ́n sì ń jẹun bí a bá gbé abọ́ sún mọ́ wọn. Bí a bá lé wọn, wọ́n á na ìyẹ́ méjèèjì, wọ́n á máa fi orúnkún wọ́ lọ. Kò sí ikọ́, kò sí ìgbẹ́ gbuuru. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, gbogbo wọn ń sáré.

2. Ọjọ́ 13 sí 15: oògùn tí kò yẹ

Tetracycline, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, ni a pò sínú omi wọn, bí ìwé ara sáṣẹ́ẹ̀tì ṣe wí, fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò sí ìdí kan ju pé ó wà nílé lọ. Bí àwọn tó jókòó ṣe ń pọ̀ sí i nìyí: 4 ní ọjọ́ 13, 7 ní ọjọ́ 14, 11 ní ọjọ́ 15, 18 ní òwúrọ̀ ọjọ́ 16.

Oògùn apakòkòrò kì í dí àlàfo tó wà nínú oúnjẹ. Adìyẹ tí ara rẹ̀ yá, tó ń jẹ, tó ń mu, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ nìkan ló kọ̀ fún un, kì í sábà jẹ́ ti kòkòrò. Tetracycline tún máa ń lẹ̀ mọ́ kálísíọ̀mù, kò sì sí àǹfààní kankan níbẹ̀ fún adìyẹ tí a kò tíì mọ̀ bóyá eegun ló ń dùn ún. Orí tilẹ̀ yọ wá. Ká ní oúnjẹ tí a rà lọ́jà, tí wọ́n ti fi salinomycin tàbí monensin (oògùn tó ń dènà coccidiosis) sí, ni wọ́n ń jẹ, tí a sì lọ bu tiamulin, apakòkòrò mìíràn, sínú omi wọn, àpapọ̀ méjèèjì nìkan tó láti rọ adìyẹ lẹ́sẹ̀ kó sì pa á. Ẹ ka ara àpò oúnjẹ kí ẹ tó ṣí oògùn èyíkéyìí.

Ohun tí ọjọ́ mẹ́ta yẹn gbà lọ́wọ́ wa wà ní ìpele 8.

3. Ọjọ́ 16: yíyẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan

A gbé tábìlì sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára. A wá òwú aláwọ̀ mẹ́ta tí a ó so mọ́ ìyẹ́ wọn, pupa, búlúù àti funfun, àti ìwé kan. Ìṣẹ́jú méjì tó fún adìyẹ kan. Ohun tí a ń wò nìyí:

Ìka ẹsẹ̀. Gbé e lé tábìlì. Ṣé ìka nà sílẹ̀, àbí ó ká wọnú bí ìkúùkù? Fi ọwọ́ tú u. Bí o bá jọ̀wọ́ rẹ̀ tó tún ká padà, kọ ọ́ sílẹ̀.

Àgógó ẹnu. Fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ó yẹ kó le bí èékánná. Èyí tó bá tẹ̀ bí rọ́bà, eegun ara rẹ̀ kò gbó. Fọwọ́ pa ìhà rẹ̀ pẹ̀lú. Ó lè ní kókó kéékèèké níbi tí eegun ìhà ti pàdé eegun ẹ̀yìn.

Ẹ̀yìn orúnkún. Fi ìka rá ẹ̀yìn oríkèé náà láti òkè wá sísàlẹ̀. Iṣan líle kan wà níbẹ̀, inú kòtò tó wà láàárín ló ń gbà. Bí o kò bá bá a láàárín, tó ti yọ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, tí ẹsẹ̀ sì lọ́ síta, iṣan ti yẹ̀ nìyẹn. Bí oríkèé bá wú, tó sì gbóná, ọ̀rọ̀ mìíràn ni: kòkòrò lè ti wọ inú oríkèé.

Orí àti ọrùn. Gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ fún ìwọ̀n ààbọ̀ ìṣẹ́jú kó má mira. Ṣé orí ń gbọ̀n? Ṣé ọrùn lọ́, àbí ó ń wo òkè?

Ìdí àti ìgbẹ́. Ẹ̀jẹ̀, àwọ̀ ewé, tàbí ẹfun tó lẹ̀ mọ́ ìdí.

Márùn-ún àkọ́kọ́ tí a mú, ìka kíká ni gbogbo wọn. Díẹ̀ ló kù kí a dáwọ́ dúró níbẹ̀, kí a pe gbogbo 18 ní àrùn kan náà. Ìkẹfà ni àgógó rẹ̀ tẹ̀ lọ́wọ́ wa. Nígbà tí a parí: òwú pupa 13 (ìka ká, àgógó le), òwú búlúù 4 (ìka nà, àgógó rọ̀, orúnkún nípọn díẹ̀), òwú funfun 1 (iṣan ẹ̀yìn orúnkún ọ̀tún ti yẹ̀). Kò sí èyí tí orí rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́.

4. Èyí tó kú: ohun tí a bá nínú rẹ̀

Ọ̀kan nínú àwọn olówùú pupa kú lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọ̀kan nínú mẹ́rin àkọ́kọ́ ni. Abọ́ omi ga ju ibi tí ẹnu rẹ̀ lè dé lọ, òùngbẹ ló parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àṣìṣe wa ni ìyẹn náà.

A fi nylon bọ ọwọ́, a mú sísọ́ọ̀sì àti bíléèdì. Gé awọ inú itan, fi ìka ya ẹran sí méjì láìgé e. Iṣan funfun kan wà níbẹ̀, kì í ṣe ti ẹ̀yìn orúnkún, tó ti ẹ̀yìn wá, tó gba inú itan lọ sí orúnkún, òun ló ń gbé àṣẹ lọ sí ẹsẹ̀. Nínú adìyẹ tó dá, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán, ìlà wínníwínní sì dábùú rẹ̀. Nínú òkú yìí, ti ọ̀tún àti ti òsì ló wú, wọ́n rọ̀, àwọ̀ wọn sì ti ń pọ́n bí pupa inú ẹyin. Bí wọ́n ṣe wú lápá méjèèjì lọ́jọ́ orí yìí ni àmì tí a ń wá: fítámì B2 ni kò tó.

Lẹ́yìn náà ni a dá eegun ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ṣẹ́ pẹ̀lú ìró. Eegun tí kò gbó máa ń tẹ̀ kó tó ṣẹ́, nítorí náà òkú yìí kò ní ìṣòro tí àwọn olówùú búlúù ní. A sin ín jìn, a fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti tábìlì.

5. Ohun tí kì í ṣe

Àrùn Newcastle máa ń rọ ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n mímí líle, ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé, ọrùn lílọ́ àti òkú púpọ̀ ló ń bá a rìn. Àrùn Marek kì í sábà fi ara hàn lẹ́sẹ̀ kí adìyẹ tó lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún; ẹsẹ̀ kan á nà síwájú, èkejì á nà sẹ́yìn, iṣan inú itan a sì sábà wú lápá kan ju ìkejì lọ. Coccidiosis, àrùn inú ìfun, ń mú kí adìyẹ káwọ́ kó sùn, kó má jẹun, ẹ̀jẹ̀ sì lè wà nínú ìgbẹ́. Èyí tí orí àti ọrùn rẹ̀ ń gbọ̀n láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkẹta, àrùn fáírọ́ọ̀sì inú ọpọlọ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Èyí tó ń ṣubú sẹ́yìn tó sì ń yí orí, fítámì E ni kí ẹ rò. Èyí tó ya ẹsẹ̀ méjèèjì sí ọ̀tún àti òsì láti ọjọ́ kejì, ilẹ̀ tó ń yọ̀, pàápàá ìwé ìròyìn tí a tẹ́ sílẹ̀, ló ṣe é. Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, àkọsílẹ̀ yìí kọ́ ni ẹ nílò. Àwọn tí fáírọ́ọ̀sì ń fà (Newcastle, Marek àti ti inú ọpọlọ), ẹ pe dókítà ẹran.

6. Ọjọ́ 17: níbi tí ẹjọ́ wà

Bí a ṣe pín kílò 100 náà nìyí: àgbàdo 49.8, sóyà 20, ẹ̀pà tí a ti fún epo rẹ̀ 12, èèrí àlìkámà 12, eegun lílọ̀ 2.5, ẹja lílọ̀ 2, òkúta ẹfun lílọ̀ 1. Gíráàmù ni ìyókù: premix (àpòpọ̀ fítámì àti èròjà bíi manganese) 250, iyọ̀ 250, lysine 100, methionine 100 (èròjà méjèèjì yìí ni ara fi ń kọ́ ẹran).

Nylon kéékèèké mẹ́rin ni a wọn àwọn gíráàmù yẹn sí kí a tó gbé wọn lọ síbi ìlọ̀. Nígbà tí a wá ẹ̀rí wọn, òfìfo mẹ́ta ni a bá. Ìkẹrin wà nísàlẹ̀ garawa tí a fi gbé iyọ̀, lábẹ́ àpò tí a ká, ó ṣì wà ní dídì. Premix ni. Kò sí ẹni tó tú u.

Òṣùwọ̀n kò lè sọ fún wa, nítorí 250 gíráàmù tó kù nínú kílò 100 kéré ju ohun tó dà nílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kó oúnjẹ sínú àpò lọ. Ojú kò lè rí i, adìyẹ kò sì kọ oúnjẹ náà.

Láti ibẹ̀ ni oríṣi ẹsẹ̀ mẹ́ta ti yé wa. Òròmọdìyẹ irú èyí nílò B2 tó tó mílígíráàmù 3.6 nínú kílò oúnjẹ. Àgbàdo tó jẹ́ ìdajì oúnjẹ wọn kò ní ju bíi mílígíráàmù kan lọ nínú kílò rẹ̀, àwọn ìyókù kò sì lè dí i tán. Fítámì D3 kò sí nínú àgbàdo tàbí sóyà, oòrùn tí ìbá fi kún un kò sì wọlé. Láìsí D3, kálísíọ̀mù inú oúnjẹ kò ní wọ eegun. Manganese kéré, òun ló sì ń mú kí oríkèé dúró dáadáa kí iṣan má yẹ̀. Àwọn tó ń dàgbà kíákíá ló kọ́kọ́ jókòó, torí àwọn ni wọ́n ń ná èyí tí wọ́n bá bọ̀ láti inú ẹyin yára jù. Adìyẹ ìbílẹ̀ tó ń jẹ káàkiri àgbàlá kì í sábà bọ́ sínú wàhálà yìí: oòrùn ń pa á, ó ń jẹ kòkòrò àti ewé.

7. Àtúnpò oúnjẹ

Ó ku kílò 64. Premix tó yẹ fún un jẹ́ 64 × 2.5 = gíráàmù 160. Ẹ má da 160 gíráàmù lé orí òkìtì kílò 64 kí ẹ wá máa fi ṣọ́bìrì yí i. Ẹyọ kan á jẹ àjẹjù, èkejì kò ní rí nǹkan kan. A pò ó mọ́ kílò 1 nínú abọ́, a fi ọwọ́ pa á pọ̀. A da kílò 1 yẹn mọ́ 5, a yí i. A da ìyẹn mọ́ 20. Lẹ́yìn èyí la tó dà á mọ́ gbogbo rẹ̀ lórí tapólì, tí a sì gbé òkìtì náà láti apá kan sí apá kejì lẹ́ẹ̀mẹta. Ìṣẹ́jú 40. Premix tó kù, 90 gíráàmù, a dè é, a gbé e sí ibi òkùnkùn tó tutù: ìmọ́lẹ̀ máa ń ba B2 jẹ́.

Gbogbo ilé adìyẹ gba fítámì onípowdà nínú omi fún ọjọ́ márùn-ún, ìwọ̀n ara sáṣẹ́ẹ̀tì. A ń pò ó láàárọ̀, a ń dà á nù lọ́sàn-án, a ń pò tuntun.

Àwọn aláìsàn wọ páálí gbígbòòrò mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí òwú wọn. Èérún pákó gbígbẹ, jíjìn sẹ̀ǹtímítà 6. Abọ́ oúnjẹ àti ti omi kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú omi kí ẹni tó bá ṣubú sí i má rì.

8. Ìtọ́jú, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan

Pupa (B2). Ó ku 12. Ìwọ̀n tó tó láti gbé òròmọdìyẹ dìde ni mikirogíráàmù 100, lẹ́ẹ̀mejì. Tábúlẹ́ẹ̀tì fítámì B tí àwọn ènìyàn ń lò ni a rà ní kẹ́míìsì. Ti wa ní B2 mílígíráàmù 1 nínú ẹyọ kan, ìyẹn mikirogíráàmù 1,000. A lọ ẹyọ méjì kúnná, a tú u sínú omi mílílítà 20, nítorí náà mílílítà 1 jẹ́ 100 gẹ́ẹ́. Ẹ wo ara páálí tiyín kí ẹ tó ṣírò. Síríǹjì tí a ti yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni a lò: kán an sí ẹ̀gbẹ́ àgógó ní ẹ̀kánkán, kó gbé e mì fúnra rẹ̀. Èyí tí a tì sí i lọ́fun ní ipá lè lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Èyí tó bá lé, ìtọ̀ á gbé e jáde.

Lẹ́yìn wákàtí 24, 5 dìde. Wákàtí 48, 8. Wákàtí 72, 9. Méjì mìíràn jókòó ní ọjọ́ 18, a fún wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ti ń bá ẹgbẹ́ wọn jà. Lẹ́yìn ọjọ́ 18 kò sí tuntun mọ́.

Mẹ́ta kò dìde rárá. A wo ìwé wò: àwọn mẹ́ta tó kù nínú mẹ́rin ọjọ́ 13 ni, tí ìkẹrin wọn ti kú. Nígbà tí B2 dé ọ̀dọ̀ wọn, ọjọ́ kẹrin ti pé tí iṣan inú itan ti ń bàjẹ́.

Búlúù (D3). Fítámì AD3E olómi nínú omi mímu fún ọjọ́ méje, ìwọ̀n ara ìgò, a sì dáwọ́ dúró: A àti D kì í bá ìtọ̀ jáde bíi ti B, àjùlọ rẹ̀ ń ṣe ara léṣe. Oòrùn àárọ̀ ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú 30, nínú àgò tó ní ìbòòji lápá kan. Oòrùn tó gba inú gíláàsì wọlé kò ṣiṣẹ́.

Ẹnì kan dá a lábàá pé kí a da ìkarahun lílọ̀ sí i tàbí kí a fún wọn ní oúnjẹ adìyẹ tó ń yé. A ṣírò kí a tó gbà. Eegun àti òkúta ẹfun inú oúnjẹ wa ti fún wọn ní kálísíọ̀mù bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó yẹ òròmọdìyẹ. Ti adìyẹ ayéyin lé ní ìdá mẹ́ta àti ààbọ̀. Kíndìnrín ọmọ kékeré kò gbà á. A kò fi nǹkan kan kún un.

Èyí kò yá bíi ti pupa. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí a tó rí ìyàtọ̀. Ní ọjọ́ 28, àgógó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti le. Mẹ́ta ń rìn geere, ọ̀kan rìn pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó tẹ̀. Eegun tó gbó ní wíwọ́ kì í tún nà.

Funfun (iṣan yíyẹ̀). A na ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, a fi àtàńpàkò ti iṣan padà sínú kòtò rẹ̀. Ó wọlé, ó ró pó. Kò tó wákàtí kan tó fi tún yọ̀. A tún ṣe é, a fi báńdéèjì dè é fún ọjọ́ kan. Oríkèé wú, kò jẹun. Ọjọ́ 19 ni a pa á. Premix lè dáàbò bo àwọn ìyókù, kò lè dá iṣan tó ti yẹ̀ padà. A la itan rẹ̀ láti fi ṣe àfiwé: iṣan funfun rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìnípọn ti òkú ọjọ́ 16.

9. Bàtà páálí: a gbìyànjú, kò ṣiṣẹ́

Fún àwọn mẹ́ta tí ìka wọn kò tú, a gé páálí ní ìrísí àtẹ́lẹsẹ̀, a tẹ́ ìka lé e, a fi pílásítà lẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí a tú u, ìka nà fún bí wákàtí díẹ̀, ó sì ká padà. Irú bàtà bẹ́ẹ̀ dára fún òròmọdìyẹ tí ìka rẹ̀ wọ́ láti inú ẹyin, ní ọjọ́ kìíní tàbí ìkejì. Iṣan inú itan tó bàjẹ́ kò mọ páálí. A bọ́ wọn lọ́tọ̀ títí di ọjọ́ 35, a sì pa wọ́n jẹ. Ẹ wo iye ọjọ́ tí ìwé ara apakòkòrò ní kí ẹ dúró kí ẹ tó jẹ ẹran rẹ̀.

10. Owó

Tetracycline ₦1,500 (òfò). Tábúlẹ́ẹ̀tì fítámì B ₦500. AD3E ₦3,000. Fítámì onípowdà ₦2,000. Èérún pákó ₦1,000. Síríǹjì méjì ₦200. Lápapọ̀ ₦8,200, láìka adìyẹ márùn-ún. Premix inú nylon tí a kò tú kò ju ₦800 lọ.

11. Ọjọ́ 35

143 ló wà nílẹ̀, 142 rìn dáadáa, ọ̀kan tẹ̀ lẹ́sẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń jẹ, ó sì ń sanra. A ti gé fèrèsé kan sí apá ìlà-oòrùn, a fi nẹ́ẹ̀tì bò ó. Oúnjẹ kílò 100 kejì ti dé láti ibi ìlọ̀. Ilé ni a ti po premix, iyọ̀, lysine àti methionine mọ́ eegun lílọ̀ kí a tó gbé e lọ, a fi bírò kọ orúkọ sára nylon kọ̀ọ̀kan, a sì kó àwọn òfìfo wọn wálé. Mẹ́rin ni a kà.